Ọmọdé, Èéfín àti Ilé Ọtí: Ta Ló Yẹ Kó Jáde?

Ọdún 1908 ni ilé aṣòfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin ńlá kan lórí ọ̀rọ̀ ọmọdé. Òfin gígùn ni. Ó mẹ́nu ba ọmọ tí wọ́n ń gbà tọ́, ó mẹ́nu ba kóòtù àwọn ọmọdé, kódà ó mẹ́nu ba òbí tó bá fi ọmọ sílẹ̀ nídìí iná tí kò ní ààbò. Nínú gbogbo rẹ̀, nǹkan méjì ló kàn wá níbí. Àkọ́kọ́ ni pé ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 14 kò gbọdọ̀ wọ yàrá tí wọ́n ti ń mutí nílé ọtí mọ́. Ìkejì ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta sìgá fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, àti pé bí ọlọ́pàá tàbí ẹ̀ṣọ́ ọgbà ìgbafẹ́ tó wọ aṣọ iṣẹ́ bá rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tó ń fa sìgá lójú títì, kó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó lè tú àpò ọmọkùnrin wò, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ tú ti ọmọbìnrin.

Ọmọdé àti sìgá, nínú òfin kan ṣoṣo. Ẹ ó rò pé ẹnì kan á ti so wọ́n pọ̀, á ní kí ọmọ má wọlé ọtí torí èéfín tó wà níbẹ̀. Rárá o. Èéfín ò sí lára ẹ̀sùn. Àgbàlagbà tó bá wù lè jókòó sínú ilé ọtí, kó fa ìkòkò tàbí sìgá títí yàrá á fi ṣú, òfin ò bá a wí. Ọmọ ni wọ́n ní kó jáde. Èéfín dúró, ó sì dúró fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún.

Àwa náà ti ń jiyàn ọ̀rọ̀ yìí nílé báyìí. Ṣé ó yẹ kí ọmọdé wà nílé ọtí? Ṣé ó yẹ kí èèyàn máa mu sìgá níbẹ̀? A sábà máa ń bi ìbéèrè méjèèjì bíi pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ìtàn àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹni tó sì parí ìjà náà níkẹyìn, kì í ṣe ọmọdé, kì í sì í ṣe amusìgá. Ẹnì kan tó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ tó ti pẹ́ ni, tí kò sẹ́ni tó wo ojú rẹ̀.

Kí wọ́n tó lé ọmọ jáde, kí ló ń wá níbẹ̀? Iṣẹ́ ni wọ́n rán an. Láyé ọbabìnrin Victoria, bàbá á ti ibi iṣẹ́ dé, á na owó sí ọmọ, ọmọ á gbé jọ́ọ̀gù, ó di ilé ọtí. Ọ̀pọ̀ ilé ọtí ló tiẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà kékeré lọ́tọ̀ fún àwọn tó fẹ́ gbé ọtí lọ sílé. Wọ́n á pọn bíà sínú jọ́ọ̀gù, ọmọ á gbé e padà. Ẹ̀yin tí wọ́n ti rán níṣẹ́ rí, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: ohun tó kún dẹ́ńkẹ́ nígbà tó kúrò níbi tí wọ́n ti rà á kì í kún dẹ́ńkẹ́ mọ́ tó bá fi máa délé. Orí èyí gan-an ni àwọn tó ń gbógun ti ọtí ti pariwo. Wọ́n ní ojú ọ̀nà yẹn ni ọmọ ti ń kọ́ ọtí mímu.

Wọ́n ṣe òfin kan ní 1886, pé wọn ò gbọdọ̀ ta ọtí fún ọmọ tí kò tíì pé 13 láti mu nílé ọtí. Ọmọ tó wá gbé ti bàbá rẹ̀ kò sí nínú ìyẹn. Wọ́n tún ṣe òmíràn ní 1901, pé ọmọ tí kò tíì pé 14 ò lè gbé ọtí lọ àyàfi tó bá wà nínú ìgò tí wọ́n dé, tí wọ́n sì lẹ̀ pa. Ẹnu ìgò ni òfin yẹn dí, kò dí ẹnu ọ̀nà. Ọdún 1908 ni wọ́n tó wá dí ẹnu ọ̀nà.

Ìfẹ́ ọmọ wà nínú ohun tó fà á, mi ò ní jiyàn ìyẹn. Àwọn tó lọ wo bí àwọn tálákà ṣe ń gbé nílùú ńláńlá rí ohun tó bà wọ́n lọ́kàn jẹ́. Ṣùgbọ́n ogun wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń bá àwọn Boer jà ní Gúúsù Áfíríkà láàárín 1899 sí 1902, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá fẹ́ wọṣẹ́ ológun ni wọ́n dá padà torí ara wọn ò gbé e. Ẹ̀rù ba ìjọba. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ kan láti wo ohun tó ń sọ ara àwọn èèyàn di hẹ́gẹhẹ̀gẹ, ìgbìmọ̀ yẹn sì gbé ìwé jáde ní 1904. Sìgá mímu láàárín àwọn ọmọdé wà lára ohun tí wọ́n ní kí ìjọba fòfin dè. Ẹ rí i pé ara ọmọ tó máa di sójà lọ́la ni wọ́n ń ṣọ́. Ìdí nìyẹn tí sìgá ẹnu ọmọ fi jẹ́ ọ̀ràn, tí sìgá ẹnu bàbá rẹ̀ kò fi jẹ́ nǹkan kan. Nígbà yẹn, kò tíì sẹ́ni tó mọ̀ pé èéfín tó ti ẹnu ẹnì kan jáde lè pa ẹlòmíràn.

Òfin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹrin 1909. Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Òbí tó ń mutí kò tìtorí òfin jókòó sílé. Ó kàn fi ọmọ sẹ́nu ọ̀nà ni. Ọmọ á jókòó lórí àtẹ̀gùn ilé ọtí nínú òtútù, á máa dúró kí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ ó ṣe tán. Àwọn èèyàn fẹjọ́ sùn nígbà náà pé òfin tó yẹ kó gba ọmọ là ló fi ọmọ sójú òpópónà. Ìyá tí kò rí ẹni gbé ọmọ fún kò lè wọlé bá ọkọ rẹ̀, nítorí náà òfin tó lé ọmọ ti lé ìyá náà díẹ̀. Ilé ọtí wá di ti àwọn ọkùnrin, pẹ̀lú èéfín wọn.

George Orwell rí èyí. Lóṣù kejì ọdún 1946, ó kọ àròkọ kan sínú ìwé ìròyìn Evening Standard ní Lọ́ńdọ̀nù nípa ilé ọtí tó wù ú jù láyé, ó sì pe ilé ọtí náà ní The Moon Under Water. Ibi tó dára níbẹ̀ lójú rẹ̀ ni ọgbà ẹ̀yìn ilé, níbi tí bàbá, ìyá àti ọmọ ti lè jókòó pọ̀ nígbà ẹ̀rùn, dípò kí ìyá wà nílé pẹ̀lú ọmọ kí bàbá sì dá jáde lọ. Ó sọ pé àwọn ọmọ a máa yọ́ wọ inú ilé lọ gbé ọtí wá fún òbí wọn, pé òfin kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n pé òfin tó yẹ kí èèyàn rú ni. Ní ìparí, ó jẹ́wọ́ pé kò sí ilé ọtí bẹ́ẹ̀ níbì kankan. Àlá rẹ̀ ni.

Ọgbà yẹn ṣe pàtàkì, ẹ fi sọ́kàn, torí a máa padà síbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọmọ tó dàgbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ilé ọtí kò ju ọgbà yẹn lọ: ìgò ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò kan, ọ̀rá ànàmọ́ díndín kan, kí bàbá tó tún padà wọlé.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sọ́dọ̀ èéfín tó dúró sínú ilé.

Ní 1950, Richard Doll àti Austin Bradford Hill fi hàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé sìgá mímu tan mọ́ àìsàn jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tó ń mu ún ni ìyẹn kàn. Amusìgá lè sọ pé ẹ̀dọ̀fóró òun ni, kí kálukú máa ṣọ́ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ò ṣeé sọ mọ́ lẹ́yìn 1981. Lọ́dún yẹn, Takeshi Hirayama gbé iṣẹ́ jáde láti ilẹ̀ Japan. Ó ti fi ọdún 14 tọpa àwọn ìyàwó tí wọn kì í mu sìgá, wọ́n lé ní 90,000. Àwọn tí ọkọ wọn ń mu sìgá púpọ̀ ló ń kú jù nípasẹ̀ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tí kò fi sìgá kan ẹnu rí ni sìgá pa. Ilé iṣẹ́ sìgá bá iṣẹ́ náà jà gidi gan-an, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

Ṣùgbọ́n ìwé ìwádìí kì í yí ọkàn ará ìlú tó bí ojú èèyàn kan ṣe lè yí i. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ojú yẹn ni ti Roy Castle. Gbajúmọ̀ orí tẹlifíṣọ̀n ni, ó ń kọrin, ó ń jó, ó sì ń fọn fèrè onídẹ. Kì í mu sìgá. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pa á ní 1994, ó sì sọ kó tó kú pé àwọn ilé fàájì tí òun ti fọn fèrè fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí èéfín sìgá kún inú wọn, ni òun ti kó o. Ẹ ro ìyẹn wò. Ẹni tó ń fọn fèrè a máa fa atẹ́gùn sínú ju ẹni tó jókòó lọ.

Roy Castle kì í ṣe oníbàárà níbẹ̀. Iṣẹ́ ló ń ṣe. Ibí ni ẹni tí mo sọ pé kò sẹ́ni tó wo ojú rẹ̀ ti wọlé: agbọ́tí, ẹni tó ń gbé ìgò, tó ń da eérú sìgá nù, tó ń nu tábìlì. Oníbàárà lè dìde kó lọ tí èéfín bá dùn ún. Ọmọ, wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kó wọlé. Agbọ́tí nìkan ni kò lè jáde, torí ibẹ̀ ló ti ń jẹun. Nígbà tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni iyàn tán. Orílẹ̀-èdè Ireland ló kọ́kọ́ ṣe é láyé yìí, ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta 2004, nígbà tí Micheál Martin jẹ́ mínísítà ìlera níbẹ̀: kò sí sìgá mọ́ níbi iṣẹ́ tó ní òrùlé, ilé ọtí sì jẹ́ ibi iṣẹ́. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ireland kẹ̀? Ilẹ̀ tí ilé ọtí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pálọ̀ gbogbo ìlú? Òfin náà dúró. Scotland tẹ̀ lé e ní 2006.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ fẹ́ fi ọgbọ́n yí i. Ohun tí ẹgbẹ́ Labour ṣèlérí níbi ìdìbò 2005 ni pé ilé ọtí tó ń ta oúnjẹ kò ní gba sìgá láyè mọ́, ṣùgbọ́n èyí tí kì í ta oúnjẹ, àti ilé ẹgbẹ́, lè yan ohun tó wù ú. Lójú mi, àbá yẹn tú àṣírí ohun tí wọ́n rò. Ibi tí ìdílé ti ń jẹun ni wọ́n fẹ́ fọ̀ mọ́. Ibi tí àwọn tálákà ti ń mu bíà láìjẹ nǹkan kan, kí agbọ́tí ibẹ̀ máa fa èéfín lọ. Bíi pé ẹ̀dọ̀fóró méjì ló wà, èyí tó wà nítòsí oúnjẹ àti èyí tí kò sí nítòsí rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ilé aṣòfin ní ọjọ́ 14 oṣù kejì 2006, wọ́n ní kí kálukú dìbò bó ṣe wù ú láìwo ti ẹgbẹ́. Aṣòfin 384 ní kí èéfín jáde pátápátá, 184 kọ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje 2007, òfin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọmọ ńkọ́? Ọmọ ti ń yọ́ padà bọ̀ ní tirẹ̀. Láti 1995 ni ilé ọtí ti lè gba ìwé àṣẹ tó máa jẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé 14 wọlé pẹ̀lú àgbàlagbà títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́, tí oúnjẹ bá wà. Òfin ọtí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kọkànlá 2005 wá ṣí ilẹ̀kùn gbayawu: nílé tó jẹ́ pé ọtí ni wọ́n dìídì ń tà, ọmọ tí kò tíì pé 16 lè wọlé tí àgbàlagbà bá wà pẹ̀lú rẹ̀. Ogún oṣù péré lẹ́yìn èyí, èéfín jáde. Ilé ọtí tó pàdánù àwọn amusìgá wá oníbàárà mìíràn, ó sì rí wọn: ìyá, bàbá, àti kẹ̀kẹ́ ọmọ tí wọ́n ń tì wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Ọmọ àti èéfín pààrọ̀ ibùjókòó.

Àwọn tí kò fẹ́ òfin ti sọ pé tí ẹ bá lé amusìgá kúrò nílé ọtí, ilé rẹ̀ ló máa lọ fà á sí ọmọ rẹ̀ lójú. Ìbẹ̀rù tó bọ́gbọ́n mu ni. Wọ́n wò ó ní Scotland. Kí òfin tó dé, iye ọmọ tí wọ́n ń gbà sílé ìwòsàn nítorí asthma, àìsàn tí kì í jẹ́ kí ọmọ mí dáadáa, ń fi ìdá 5.2 nínú 100 lé sí i lọ́dọọdún. Lẹ́yìn òfin, ó ń fi ìdá 18.2 nínú 100 dín kù lọ́dún kan. Ó jọ pé bàbá tó ti mọ́ lára láti máa jáde síta nílé ọtí ló ń jáde síta nílé rẹ̀ pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n ìta wo? Ibí ni ọgbà Orwell ti padà wá. Nígbà tí èéfín jáde, inú ọgbà ló lọ, ibi kan ṣoṣo tí wọ́n ti gba ọmọ láyè fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní oṣù kẹjọ 2024, àṣírí tú pé ìjọba Keir Starmer ń gbèrò láti fòfin de sìgá nínú ọgbà ilé ọtí. Àwọn onílé ọtí fárígá. Nígbà tí àbá òfin náà jáde ní oṣù kọkànlá, ibi ìṣeré ọmọdé àti ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn ni wọ́n dárúkọ. Ọgbà ilé ọtí ti yọ kúrò.

Èmi gbà pé èéfín ló yẹ kó jáde, kí ọmọ wọlé dé àyè kan. Mo mọ àwọn tí kò gbà. Wọ́n ní ibi tí àgbàlagbà ti lè sọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ọmọ gbọ́ ti fẹ́ tán láyé, pé kí wọ́n fi ilé ọtí sílẹ̀ fún wọn. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ta ló fẹ́ kí ọmọ ẹlòmíràn máa sáré yí tábìlì òun ká lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì? Ṣùgbọ́n aago lè yanjú ìyẹn: tó bá ti di aago mẹ́sàn-án, kí wọ́n gbé ọmọ lọ sùn. Kò sí aago tí èéfín ò ṣèèyàn ní nǹkan.

Ilé ọtí tiwa ńkọ́? Ọgbà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àga ọ̀dà mẹ́rin lábẹ́ àtíbàbà, àsun lórí iná, ìkòkò pẹpẹ súùpù lẹ́gbẹ̀ẹ́, títì níwájú. Kò sí ilẹ̀kùn tí a máa ní kí ẹnikẹ́ni gbà jáde. Sìgá pẹ̀lú kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ náà tábà, ọ̀dọ̀ àwọn Pọ́túgà la ti gbà á. Ní 1933 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sìgá ní Òṣogbo, kó tó kan Ìbàdàn, àwọn àgbẹ̀ Òkè-Ògùn sì ti gbin ewé rẹ̀ títí. Bóyá ìdí nìyẹn tí òfin fi falẹ̀. Àwọn aṣòfin àpapọ̀ fọwọ́ sí àbá kan ní 2011, ààrẹ kò bu ọwọ́ lù ú. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2014. Oṣù karùn-ún 2015 ni Goodluck Jonathan tó buwọ́ lu ti gbogbo orílẹ̀-èdè, nígbà tó ku díẹ̀ kó kúrò lórí àlééfà. Ilé oúnjẹ àti ilé ọtí wà lára ibi tí òfin yẹn ti kọ sìgá. Kò gba kí wọ́n ta sìgá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Páálí tó ní 20 nínú ni kí wọ́n tà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí kò tíì pé 18 kò gbọdọ̀ rà á, kò sì gbọdọ̀ tà á.

Ẹ lọ sí ìdí ọtí tó súnmọ́ yín lálẹ́ òní, kí ẹ wo iye ẹyọ sìgá tí wọ́n máa tà láàárín wákàtí kan. Ẹ wo ẹni tí wọ́n ń rán lọ rà á. "Wá, lọ bá mi mú sìgá méjì wá, kó o mú ìṣáná." Jọ́ọ̀gù ọdún 1901 nìyẹn, òun náà ló ń rìn káàkiri.

Ọmọ tí wọ́n ń rán yẹn kì í sábà jẹ́ ọmọ oníbàárà. Ọmọ ìyá tó ni ìsọ̀ ni. Ó ti ilé ìwé dé, ó bọ́ yúnífọ́ọ̀mù, ó ń fọ ife, ó ń gbé abọ́ pẹpẹ súùpù, ó ń kó òkìtì sìgá kúrò lórí tábìlì. Ọmọdé ni, agbọ́tí sì ni. Tí a bá ní kí ọmọdé jáde nílé ọtí, ibo ni kí èyí lọ? Yàrá tí wọ́n ń sùn wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n kó páálí bíà sí.

Òfin 1908 mọ̀ nípa irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Nínú apá tó ti lé gbogbo ọmọ jáde, ó yọ àwọn kan sílẹ̀: ọmọ ẹni tó ni ìwé àṣẹ ilé ọtí náà gan-an. Ìyẹn lè dúró, torí ilé rẹ̀ ni. Àwọn ọmọ onílé ọtí dúró lóòótọ́, títí di 2007, nínú èéfín tí wọ́n lé àwọn ọmọ yòókù sá fún láìmọ̀. Lọ́dọ̀ wa, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló pọ̀ jù nídìí ọtí. Tí amusìgá bá lè rìn dé òdìkejì títì kó tó ṣá iná, ọmọ náà á lè jókòó sí tábìlì tó gbẹ̀yìn, níbi tí iná mànàmáná ti mọ́lẹ̀ díẹ̀, kó ṣí ìwé ìṣirò rẹ̀ títí wọ́n á fi tún pè é.